Ọwọ́ Òsì Amos Broadnax

Ojúlé 2218, Òpópónà Lagrange,
Toledo, Ohio.
Ọjọ́ kẹsàn-án, oṣù Ṣẹẹrẹ.

Amos mi ọ̀wọ́n,

Mo kí ọ kú òtútù o, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ohun tí ẹ̀ ń pè ní òtútù lọ́dọ̀ yín ní Alabama, ẹ̀wù lásán la fi ń kojú rẹ̀ níbí. Mo kí Verna ìyàwó rẹ, mo kí àwọn ọmọbìnrin rẹ méjèèjì, mo sì kí ìyá rẹ, tí kò tíì fojúure wò mí láti ọjọ́ tó ti gbọ́ tí mò ń pariwo mọ́ ọ. Àdúrà mi ni pé kí ìwé yìí bá gbogbo yín ní àlàáfíà, kí orúnkún rẹ sì máa jẹ́ kí o rí oorun sùn. Èmi àti Dolores ìyàwó mi wà láàyè. Mi ò ní purọ́ fún ọ pé a wà dáadáa.

Ìgbà méjìlá ni mo ti pè ọ́ lórí fóònù láti oṣù Bélú, o ò gbé e. Bó bá jẹ́ èmi ni ìwọ, èmi náà ò ní gbé e. Ìdí tí mo fi mú kálámù nìyẹn. O mọ̀ pé mi ò mọ lẹ́tà kọ. Orí pátákó ni ọwọ́ mi ti mọ́, kí n ya òbírí márùn-ún kí n fi ọfà há wọn láàárín. Jọ̀wọ́, má ya á kí o tó kà á délẹ̀.

Jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ láti ibi tí ọ̀rọ̀ ti bẹ̀rẹ̀, ìyẹn yàrá wa lábẹ́ pápá, níbi tí a ti ń wo fíìmù ìdíje bọ́ọ̀lù Amẹ́ríkà wa láràárọ̀ ọjọ́ Ajé. Lọ́dún mọ́kànlá sẹ́yìn, tí o kọ́kọ́ wọlé, tí o lọ rọra jókòó sẹ́yìn bí ìyàwó tuntun, èmi ni mo fi òfin yàrá yẹn kọ́ ọ. Àwọn márùn-ún tí à ń pè ní ìlà iwájú, tí iṣẹ́ wọn ò ju kí wọ́n dúró síwájú ajubọ́ọ̀lù kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kàn án, wọn kì í fi ara wọn sùn. Bí ọ̀tá bá gba àárín wọn kọjá, tó lọ gbé ajubọ́ọ̀lù lulẹ̀, ẹni tó bá kọ́kọ́ nawọ́ sókè tó ní "Èmi ni," ọ̀rọ̀ ti parí, a ó yí fíìmù síwájú. Mo ní, "Ẹni tó bá dárúkọ ẹnìkejì ẹ̀ níbí, kó lọ máa gbá gọ́ọ̀fù. Ibẹ̀ lèèyàn ti ń dá tiẹ̀ ṣe." Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín. Ìwọ nìkan lo kọ ọ́ sínú ìwé rẹ.

Mo mọ ohun tí o fẹ́ láyé. Ẹ̀ẹ̀mejì ni ẹgbẹ́ mìíràn wá ọ wá, tí o ní o ò lọ. O ní, "Kóòṣì, mi ò ní kúrò ní Toledo títí Àwọn Alágbẹ̀dẹ á fi gbá bọ́ọ̀lù nínú oṣù Ṣẹẹrẹ. Màmá mi á wọkọ̀ òfuurufú wá wò ó, bó ti wù kó bẹ̀rù ẹ̀ tó." Oṣù Ṣẹẹrẹ làwọn tó yege máa ń gbá tiwọn, ẹgbẹ́ wa, Àwọn Alágbẹ̀dẹ, sì ti fi ọdún mọ́kàndínlógún wò ó nílé. Ohun kan ṣoṣo tí o bèèrè nìyẹn ní gbogbo ọdún tí a jọ lò.

Ìwọ náà rí bí ọdún yìí ṣe bẹ̀rẹ̀. Nínú ìdíje mẹ́fà, wọ́n gbé Prewitt, ajubọ́ọ̀lù wa, lulẹ̀ nígbà mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n, àárín ìwọ tí o dúró láàárín ìlà àti ẹ̀ṣọ́ tó wà lápá òsì rẹ ni wọ́n sì ń gbà wọlé jù. Mi ò lè lọ ra ẹran mọ́. Ìyáàfin Sobczak tó ń ta sọ́séèjì ní ìkòríta wa pariwo lójú gbogbo oníbàárà ẹ̀ pé, "Kóòṣì, ẹ wọlé, ẹ wọlé! Ilẹ̀kùn mi kì í le ṣí, inú ìlà iwájú yín ni wọ́n ti yọ ọ́!" Haskell, ọ̀gá àgbà wa, kò fi tiẹ̀ ṣe yẹ̀yẹ́. Ó ní kí n wá ibi tó ti ń jò kí n dí i kó tó di ìdíje keje, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, òun á wá ẹlòmíì tó lè dí i.

Mo bá jókòó ti fíìmù. Ní ọjọ́ Ajé kọ̀ọ̀kan, bí wọ́n bá ti gba àárín yẹn kọjá, ọwọ́ rẹ ló ń kọ́kọ́ lọ sókè. "Èmi ni, Kóòṣì." Mo ń sàmì sí i. Ìgbà mẹ́rìndínlógún ni, Amos. Lẹ́yìn náà ni mo wá rí ọwọ́ òsì rẹ. Ìwọ tí ò ń fi ọwọ́ ọ̀tún fa bọ́ọ̀lù gba àárín ẹsẹ̀ rẹ sẹ́yìn, òsì rẹ gbọ́dọ̀ ti wà láyà ọ̀tá kí bọ́ọ̀lù tó dé ọwọ́ Prewitt. Ṣùgbọ́n nínú fíìmù, ọ̀tá ti dé ọ lára, ọwọ́ òsì yẹn ṣẹ̀ṣẹ̀ ń ti ìsàlẹ̀ bọ̀, bí ẹni pé ó lọ ṣa nǹkan tó já bọ́. Mo bi ọ́ pé, "Amos, ṣé èjìká yẹn ń dùn ẹ́ ni?" O ní, "Rárá, Kóòṣì. Èmi ni ṣá. Màá tún un ṣe." Tanner Hovland, ẹ̀ṣọ́ òsì, jókòó tì ọ́, ó ń wo bàtà ẹ̀. Mo rò pé ojú ló ń tì í nítorí rẹ.

Bí mo ṣe kọ ọ́ sínú ìwé nìyẹn, tí mo fi lé Haskell lọ́wọ́, pé èjìká Broadnax ti tán. Àárọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni mo sọ fún ọ ní ẹnu ọ̀nà yàrá ìwẹ̀, bí ẹni ń lé ayálégbé. O ò bú mi. O kàn bi mí pé, "Ta ló máa dúró láàárín?" Mo ní Whitlow ni. O ní, "Ẹ sọ fún un kó máa pariwo dáadáa sí apá òsì." Mo rò pé ìgbéraga àgbà ló ń ṣe ọ́. Mi ò tilẹ̀ sọ fún Whitlow.

Ohun tí o ò mọ̀ rèé, mo sì gbọ́dọ̀ sọ ọ́. Lọ́jọ́ kejì, ọ̀rẹ́ mi kan tó ń kọ́ ìlà iwájú ẹgbẹ́ kan ní ìwọ̀ oòrùn pè mí. Ó ní, "Len, ṣé ó ṣì ku nǹkan lára Broadnax? A nílò ẹni àárín." Mo ní, "Ọkàn ẹ̀ pé. Ọwọ́ òsì ẹ̀ ló ti kú." Ẹyin lohùn. Ọ̀rọ̀ kan yẹn ni mo sọ, kò sì sí ẹgbẹ́ kankan tó wá ọ mọ́. Ìwọ ti lè máa rò pé ọjọ́ orí rẹ ni wọ́n wò. Ẹnu mi ni wọ́n gbọ́.

Nínú ìdíje keje, ariwo àwọn èrò pọ̀ débi pé ilẹ̀ ń gbọ̀n. Whitlow rí i pé àwọn ọ̀tá ti yí ipò padà, ó kígbe sí apá òsì láti kìlọ̀ fún Tanner. Tanner ò mira. Ọmọkùnrin ẹni ọdún mẹ́tàlélógún kan gba ẹ̀gbẹ́ ẹ̀ kọjá láìsí ẹni tó fọwọ́ kàn án, ó kọlu Prewitt, egungun ọrùn-èjìká Prewitt sì kán sí méjì. Mo gbọ́ ọ láti ibi tí mo dúró sí.

Nígbà tó di ọjọ́ Ajé, Whitlow nawọ́ sókè gẹ́gẹ́ bí àṣà wa. Kó tó lanu ni Tanner dìde. Ó ní, "Whitlow, gbọ́wọ́ ẹ wálẹ̀. Èmi ni. Láti ọjọ́ kìn-ín-ní, èmi ni." Ó wá bú sẹ́kún, gìrìpá tó wúwo tó màlúù. Àìsàn tó ṣe é nígbà ẹ̀rùn ló pa etí ọ̀tún ẹ̀, etí tó kọjú sí ọ gan-an. Ó bẹ̀ ọ́ kí o má sọ, pé bí dókítà bá gbọ́, wọ́n á lé òun. O sì sọ fún un pé, "Fi ti etí sílẹ̀. Ọwọ́ mi á máa sọ fún ẹ." Gbogbo ìgbà tí bọ́ọ̀lù bá kúrò nílẹ̀, òsì rẹ á kọ́kọ́ lọ gbá a nítan kó tó padà wá jà fún ara rẹ. Ohun tó lọ ń ṣe nísàlẹ̀ nìyẹn.

Mo bi Tanner pé, "Kí ló wá dé tẹ́ ò sọ fún mi?" Ó wò mí. Ó ní, "Kóòṣì, ẹ̀yin lẹ ní ká má dárúkọ ara wa."

Mo jáde lọ sí yàrá tí a ń kó ẹ̀rù pápá sí, mo jókòó sórí ẹ̀rọ onírin tí ẹ máa ń tì káàkiri nígbà ìgbáradì, mo sunkún. Mi ò sunkún báyẹn lọ́jọ́ tí a sin bàbá mi. Wọ́n ní àgbà kì í wà lọ́jà kórí ọmọ tuntun wọ́. Èmi ni àgbà tó wà lọ́jà, èmi náà ni mo wọ́ orí ọmọ. Ìka tó ṣẹ̀ lọba ń gé, àmọ́ ìka tó ń ṣiṣẹ́ ìka méjì ni èmi gé.

Mo sáré tọ Haskell lọ pé kó pè ọ́ padà. Ó ṣí dúróà, ó mú ìwé mi jáde, ó sì ka ọ̀rọ̀ mi sí mi létí láti òkè délẹ̀. Ó ní, "Len, ta ni kí n gbà gbọ́, ìwọ ti ọ̀sẹ̀ tó kọjá àbí ìwọ ti òní?" Èmi àti ẹ̀ ṣì ń fà á nígbà tí wọ́n gbé ìròyìn wá pé o ti kọ̀wé pé o fẹ̀yìn tì. Mi ò lè sọ fún ọ pé omi ló dànù, agbè ò fọ́. Agbè fọ́, èmi ni mo fọ́ ọ.

Ṣé o fẹ́ gbọ́ bí a ṣe tún ìlà iwájú ṣe? Dókítà ní etí kan ò dí Tanner lọ́wọ́ bọ́ọ̀lù. Mo gbé e láti òsì sí ọ̀tún Whitlow, mo gbé ẹ̀ṣọ́ ọ̀tún sí òsì. Ó parí. Etí tó ń gbọ́ ló wá kọjú sí àárín. Iṣẹ́ àárọ̀ ọjọ́ kan ni, Amos. Ká ní mo béèrè ni, ìwọ náà ì bá wà níbẹ̀. Láti ìgbà náà, a ti yege nínú ìdíje mẹ́jọ nínú mẹ́wàá, ẹ̀ẹ̀máàrún péré sì ni wọ́n gbé ajubọ́ọ̀lù tuntun wa lulẹ̀. Ìwé ìròyìn ń pè mí ní ọlọ́gbọ́n. Ìyáàfin Sobczak fún mi ní sọ́séèjì lọ́fẹ̀ẹ́, mi ò lè jẹ ẹ́. Lọ́jọ́ Àbámẹ́ta yìí, nínú oṣù Ṣẹẹrẹ, Àwọn Alágbẹ̀dẹ yóò gbá bọ́ọ̀lù níwájú ará ilé, ìwọ ò sì ní sí níbẹ̀.

Mo sọ gbogbo ẹ̀ fún Dolores. Ó ní, "Leonard, ọdún mọ́kànlá lọmọ yìí fi ń jẹun nílé wa ní gbogbo Ọjọ́bọ̀. O ò lè bi í léèrè lẹ́ẹ̀kejì?" Ó ṣì ń fi ewé kábéèjì di ẹran mẹ́jọ fún ọ lọ́tọ̀, èyí tí kò ní ata. Bó bá rántí pé o ò ní wá, á gbé e padà sínú ìkòkò.

Mo ti kọ̀wé sí gbogbo kóòṣì ìlà iwájú tí mo mọ̀, àti ọ̀rẹ́ mi tọ̀hún, pé ọwọ́ Broadnax ò kú rí, pé ojú èmi ló fọ́. Mo mọ̀ pé ó ti pẹ́ jù. Lánàá, mo fi ìdíje kẹfà han àwọn ọmọ, mo dá fíìmù dúró níbi tí ọwọ́ òsì rẹ ti ń bọ̀ láti ìsàlẹ̀, mo wá na ọwọ́ tèmi sókè níwájú gbogbo wọn. Kò sẹ́ni tó ní ká yí fíìmù síwájú. Mo ti pa òfin yẹn rẹ́, àmọ́ mi ò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni jókòó sórí àga rẹ.

Mi ò ní kí o dárí jì mí. Bí fóònù bá dún lọ́jọ́ Àìkú, gbé e lẹ́ẹ̀kan péré, kí o bú mi bó ṣe tọ́ sí mi. Kí Ọlọ́run fi ohun tó dùn ju oṣù Ṣẹẹrẹ lọ rọ́pò fún ọ. Kí àwọn ọmọ rẹ má pàdé ẹni tó máa fẹ́ràn wọn bí mo ṣe fẹ́ràn rẹ, tí kò sì ní bi wọ́n léèrè. Kí ọwọ́ rẹ méjèèjì pẹ́ láyé fún ọ.

Èmi ni,
Kóòṣì rẹ tó ń pè ọ́ lọ́mọ,
Leonard Wojtas.

Àfikún: Tanner ní kí n sọ fún ọ pé etí òsì òun ń gbọ́ Whitlow ketekete. Àmọ́ ó ní bí bọ́ọ̀lù bá ti fẹ́ kúrò nílẹ̀, itan ọ̀tún òun ṣì ń retí ọwọ́ rẹ.