Nọ́ńbà Mẹ́rin Tí Mo Pè Ní Irọ́

Kábà,
Ọjọ́ kọkàndínlógún, Oṣù Kejì, 1957.

Ọmọ mi ọ̀wọ́n, Tinúadé,

Okun o. Mo gbà á ládùúrà pé ara rẹ yá n'Íbàdàn, pé ìwé kíkà kò sì jẹ́ kí o gbàgbé oúnjẹ. Ara àwa náà yá. Ẹsẹ̀ ìyá rẹ tó wú nígbà Kérésì ti sàn.

Lẹ́tà méjì ni mo ti kọ tí o kò fèsì. N kò bá ọ wí. Ọ̀rọ̀ iṣu àti ọyẹ́ ni mo kọ kún wọn, bí ẹni pé nǹkan kan kò ṣẹlẹ̀. Ojú ló ń tì mí.

Ọjọ́ kejì Kérésì ni mo ń sọ. Èmi ni mo pè ọ́ síwájú àwọn àgbà ìjọ pé kí o wá sọ ohun tí o ń kọ́ ní yunifásítì, kí wọ́n lè gbọ́ ọmọ Hezekiah. O ní àwọn ẹlẹ́kitírọ́ọ̀nù wà nínú átọ́ọ̀mù, kò sẹ́ni tó lè tọ́ka sí ọ̀nà tí wọ́n ń gbà, àmọ́ nọ́ńbà mẹ́rin ni a fi ń dá ọ̀kọ̀ọ̀kan mọ̀. Mo já ọ̀rọ̀ gbà lẹ́nu rẹ. Mo ní irọ́ ni, mo ti rí àwòrán rẹ̀ nínú ìwé kí wọ́n tó bí ọ, wọ́n ń yípo bí òṣùpá ṣe ń yí ayé po. Ọ̀gbẹ́ni Ọlánípẹ̀kun láàárín àwọn àgbà náà ní, "Hezekiah, ẹ mú un wálé kó wá máa dáná." Èmi náà bá wọn rẹ́rìn-ín. O ní, "Ẹ má bínú, bàbá," o sì wọlé. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, o wọ lọ́rì lọ láìfẹnu kan oúnjẹ ìyá rẹ.

Benjamin ọmọ ẹ̀gbọ́n mi, tó ń kọ́ni ní sáyẹ́ǹsì ní Ẹ̀gbẹ̀, yà kí wa lóṣù tó kọjá. Mo bi í, mo rò pé yóò gbè mí. Ó wolẹ̀. Ó ní, "Bàbá, Tinúadé ló tọ̀nà. Àwòrán tẹ́ ẹ mọ̀ yẹn ti di ti àtijọ́." Ó ṣàlàyé, mo ń mi orí, kò yé mi, ojú sì ń tì mí láti tún béèrè.

Ọ̀sẹ̀ tó kọjá ni Bíṣọ́ọ̀bù wá ṣe ìgbọ́wọ́lé, àwọn ọmọ láti Odò-Àpé sì dé sílé wa. Ilé iwájú, tó sún mọ́ ààrò, ni ìyá rẹ kọ́kọ́ fi wọ́n kún, kó tó fi ẹnikẹ́ni sí ilé ẹ̀yìn. Kò sí ọmọ tó gbà kí ẹlòmíì bá òun sùn nígbà tí ẹní kan ṣì ṣófo. Nígbà tí ẹní tán, wọ́n sùn ní méjì-méjì, orí ọ̀kan síbi ẹsẹ̀ èkejì. Láàárọ̀, tíṣà wọn ń wá ọmọ kan tí kò tíì jí. Ìyá rẹ dáhùn láti ìdí ààrò: "Ilé iwájú, yàrá ọwọ́ òsì, ẹní ẹ̀bá fèrèsé, èyí tó kọrí sí ògiri."

Mo dìde dúró. Nọ́ńbà mẹ́rin náà nìyẹn: ilé, yàrá, ẹní, ibi tí orí kọ sí. Kò sí ọmọ méjì tí mẹ́rẹ̀ẹ̀rin wọn lè bára mu, bíi ti àwọn ẹlẹ́kitírọ́ọ̀nù rẹ. Ohun tí o fẹ́ sọ fún wa nìyẹn, tí n kò jẹ́ kí o sọ.

Lọ́jọ́ Ìsinmi, lẹ́yìn ìsìn, mo sọ fún Ọlánípẹ̀kun àtàwọn yòókù pé ọmọ mi ló tọ̀nà, èmi ni mo ṣìnà. Ó ní, "Ẹ kú oríire, ẹ ti di ọmọ kíláàsì rẹ̀." Mo gbà bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ìwọ kò sí níbẹ̀ láti gbọ́ ọ. Jọ̀wọ́, wálé nígbà Àjíǹde. Má jẹ́ kí ẹnu mi lé ọ kúrò nílé bàbá rẹ.

Ọlọ́run yóò la ojú inú rẹ sí i. Ohun tí o ń wá nínú ìwé kò ní fara pamọ́ fún ọ. Wàá ṣe jù mí lọ, lójú ayé mi.

Èmi ni bàbá rẹ tí ojú ń tì,
Hezekiah Adédayọ̀.

Àfikún: Ohun kan kù. Ọmọbìnrin mẹ́rin ni a fi sí yàrá rẹ, ẹní mẹ́ta ló wà níbẹ̀. Bí Benjamin ṣe sọ ọ́, tó bá jẹ́ átọ́ọ̀mù ni, mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni ì bá ti ní ẹnì kọ̀ọ̀kan kí ẹnikẹ́ni tó ní ẹnìkejì. Ìyá rẹ kò gbà. Ó há wọn mọ́ ẹní méjì, ó ká ẹní tìrẹ, ó gbé e ti ògiri. Ọ̀kan nínú wọn fẹ́ tẹ́ ẹ. Ìyá rẹ ní, "Fi ìyẹn sílẹ̀. Ẹni tó ni ín ń bọ̀."