Ajá Tí Tákísì Gbá Lẹ́yìn Ìgbà Tí O Lọ sí Durban

Fọlákẹ́mi, ọmọ mi ọ̀wọ́n,

Ṣé dáadáa lo wà ní Durban tí iṣẹ́ gbé ọ lọ? Ọlọ́run tó mú ọ débẹ̀ yóò mú ọ padà sí Johannesburg, o ò ní fẹsẹ̀ kọ. Ara mi le, ọkàn mi nìkan ni kò jókòó. Bùkúnmi àbúrò rẹ pè láti Ìjerò, ó ní atẹ́gùn ṣí páànù ilé ìdáná, ewúrẹ́ wa sì bí ìbejì. Damaris tó wà ní yàrá kejì ló máa fi fóònù ya lẹ́tà yìí ránṣẹ́ sí ọ, nítorí fóònù tí o fún mi ń bi mí ní ìbéèrè kí n tó lè lò ó, n kò sì mọ ohun tó fẹ́ gbọ́.

Ọ̀rọ̀ tó ń dà mí láàmú rèé. Èmi àti Damaris ń ti ibi tí a ti ra ata bọ̀ ní ọjọ́ Mọ́ńdè, ó ní ká sọdá nídìí róbọ́ọ̀tì. Mo wo ọ̀tún, mo wo òsì, n kò rí èèyàn onírin kankan, àṣé iná tó ń dá ọkọ̀ dúró ni wọ́n ń pè bẹ́ẹ̀ níbí. Ibẹ̀ ni tákísì kan ti gbá ajá pupa kan tí kò lẹ́ni, kò tilẹ̀ dúró. Àwọn èèyàn ń ṣe "eish" bí àwa ṣe ń ṣe "háà", wọ́n ń kọjá. Damaris ní ká máa lọ, pé kò ní yè é. Ṣùgbọ́n ajá náà gbójú sókè, ó ń wò mí bí ọmọ ṣe ń wo ìyá rẹ̀. Mo tú ìborùn mi, mo fi dì í, mo gbé e mọ́yà. Ẹ̀jẹ̀ ba ankara tí o rà fún mi jẹ́, má bínú.

Damaris bá pe àwọn tó ń gba ẹranko là, wọ́n fi ọkọ̀ gbé wa lọ sí ilé ìwòsàn ajá. Ọmọ mi, ó mọ́ ju ibi tí wọ́n ti ń wo èèyàn nílé lọ! Wọ́n bèèrè orúkọ rẹ̀, mo ní kí wọ́n kọ Adésànmí, orúkọ ìdílé wa, má jẹ́ kí àwọn ará ilé bàbá rẹ gbọ́. Dókítà ní òun fẹ́ ya fọ́tò rẹ̀, mo ní kó jẹ́ kí n nu ojú rẹ̀ ná. Nígbà tí fọ́tò jáde, egungun nìkan ni mo rí, mo bú sẹ́kún pé ó ti kú, ó ti jẹrà tán. Dókítà ní ó ń bẹ láàyè, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ ẹ̀yìn kan ti rún, àfi kí wọ́n gé e, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ yóò kú. Ta ni kí n bi? O ò gbé fóònù. Mo ní kí wọ́n gé e. Láti ìgbà náà ni mo ti ń lọ tí mo ń bọ̀ nínú ilé rẹ bí adìẹ tó ń wá ibi tí yóò yé sí.

Àná la lọ wò ó. Ó ti dìde! Wọ́n fi ike bí àrọ tí a fi ń rọ epo sígò sí i lọ́rùn, mo rò pé kó lè gbọ́ràn ni, mo tẹnu bọ̀ ọ́, mo kí i kú ewu. Damaris ní kó má baà lá ojú egbò ni. Ṣùgbọ́n ó gbọ́, torí ó ju ìrù sí mi.

Wọ́n ní bí a bá fẹ́ ẹ, àwọn yóò kọ́kọ́ wá wo ilé wa ní Sátidé. Kò yà mí lẹ́nu, bẹ́ẹ̀ náà ni bàbá mi ṣe wádìí ilé bàbá rẹ kó tó fi mí fún un. Jọ̀wọ́, fi owó díẹ̀ ránṣẹ́ kí n fi ra ọtí ẹlẹ́rìndòdò àti adìẹ tí a óò fi gbà wọ́n lálejò, kí o sì tètè dé, kí wọ́n má baà rò pé opó kan ló dá wá tọrọ ọmọ.

Mo mọ̀ pé o ò fẹ́ràn ajá. Ṣùgbọ́n n ó padà sí Ìjerò ní ìparí oṣù, o ó máa ti ibi iṣẹ́ dé, kò ní sí ẹni tí yóò kí ọ káàbọ̀. Ẹsẹ̀ mẹ́ta ti tó láti gbé ajá dé ẹnu ilẹ̀kùn.

Olúwa kò ní jẹ́ kí ilé rẹ dá páropáro.

Èmi ni ìyá rẹ,
Fèyíkẹ́