Ta Ni "Àwọn Wọ̀nyí" Tí O Kọ Sínú Ìwé Ìròyìn?

Ọmọ mi, akọ̀wé tí gbogbo ìlú ń ka ìwé rẹ̀, mo kí ọ, mo kí ìyàwó rẹ, mo kí àwọn ọmọ-ọmọ mi tí wọ́n ń pààrọ̀ eyín láìjẹ́ kí ìyá àgbà fojú rí i. Kí ilé yín tòrò, kí ẹsẹ̀ yín má kọ. Ara mi le, ilé ni kò rọgbọ.

Ìwé ìròyìn tí o kọ nǹkan sí dé kíláàsì àwa àgbà tó ń kọ́ ìwé. Àwòrán rẹ wà lókè rẹ̀, orí nìkan, wọn ò ya ara, mo ní kó má jẹ́ pé àìsàn ń ṣe ìyókù. Olùkọ́ ní kí ìyá akọ̀wé dìde kà á. Mo kà á láìkọsẹ̀! Ibi tí o bá ti bèèrè ọ̀rọ̀, a dáhùn, nítorí ọmọlúwàbí kì í gbọ́ ìbéèrè kó dákẹ́. O ní ṣé a ó máa sùn títí àwọn wọ̀nyí yóò fi fi ìbò gba ìlú mọ́ wa lọ́wọ́? Gbogbo kíláàsì ní rárá o. O ní ta ni yóò gba àwọn ọmọ wa là? Bíríkìlà kíláàsì wa nawọ́ sókè, ó ní òun ni. Ọ̀rọ̀ rẹ dùn, ó ń gbéni dìde lórí àga. Aránṣọ tó jókòó tì mí fi fóònù ya á, kí n tó ká ìwé náà, ó ti dé ọ̀dọ̀ gbogbo àdúgbò, n kò mọ bí bébà gbàràgàdà ṣe gba inú ihò kékeré yẹn kọjá.

Ìgbà tí a jáde ni wàhálà dé. O ò sọ ẹni tí àwọn wọ̀nyí jẹ́, àwọn ará kíláàsì wá ń wá wọn kiri bí ewúrẹ́ tó sọnù. Bíríkìlà ní ta tún ni bí kò ṣe aránbàtà tí ahọ́n rẹ̀ kò yí bíi tiwa. Mo ní ṣebí ó ti wà lójúde wa kí ìwọ ọmọ mi tó mọ ìrìn. Ó ní ìwé sọ pé díẹ̀díẹ̀ ni wọ́n ń wọlé. O tún kọ pé gbogbo wa la mọ̀ wọ́n. Mo bi gbogbo wa, títí kan olùkọ́. Kálukú ní ẹnì kejì òun ló mọ̀.

Lónìí wọ́n da àpótí iṣẹ́ aránbàtà nù sí gọ́tà, wọ́n ní kó fi àdúgbò sílẹ̀. Mo fà á wọ yàrá rẹ. Mo gbé àga ti ilẹ̀kùn, mo jókòó lé e, ibẹ̀ ni mo ti ń kọ èyí. Bíríkìlà ń kanlẹ̀kùn, ó ní Màmá, ẹ ṣílẹ̀kùn, ọmọ yín ló rán wa.

Ọmọ mi, ṣé ìwọ lo rán wọn?

Ẹni tó sọ òkò sọ́jà, ará ilé rẹ̀ ni yóò bà. Aránṣọ dúró lójú fèrèsé ẹ̀yìn, yóò fi fóònù rẹ̀ ya ìwé yìí ránṣẹ́ sí ọ. Ó ní kí n kúkú pè ọ́, mo ní ohun tí ìwé bàjẹ́, ìwé ni yóò tún un ṣe. Kọ òmíràn kíá, fi ẹnu dídùn yẹn kan náà kọ ọ́. Bí ó bá jẹ́ ìbò àti ìjọba ló ń bà ọ́ lẹ́rù, dárúkọ ohun tó ń bà ọ́ lẹ́rù gan-an. Èmi ni n ó kà á sókè fún wọn lẹ́nu ọ̀nà. Fi owó díẹ̀ tì í, kí n ra irin ìdábùú ilẹ̀kùn, àga yìí ti ń ké.

Kálámù rẹ kò ní ṣá ẹni tí ojú rẹ kò rí. Ohun tí o bá kọ yóò ṣeé kà létí ìyá rẹ.

Aránbàtà ní kí n kí ọ. Ó ń bèèrè bóyá bàtà tí òun pààrọ̀ àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ fún ọ nígbà tí ò ń lọ sílùú ńlá ṣì ń gbé ọ dáadáa. Dá a lóhùn.

Èmi ni,
Ìyá rẹ.