Ẹni Tó Rán Mi Níṣẹ́ Ní Òun Ò Mọ̀ Mí

Pobè, ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́rú

Èmi àti ẹ̀gbọ́n mi Làmídì lọ sí Sakété lónìí, sọ́dọ̀ ọ̀gá sójà tó rán mi sáàárín àwọn agbébọn lápá àríwá. Ọdún méjì ni mo fi ta aṣọ fún wọn, tí mo ń ṣe bí ọ̀kan nínú wọn, tí mo sì ń sọ ohun tí mo bá gbọ́ fún un.

Ọ̀dàlẹ̀ ni wọ́n ń pè mí ní Igana ìlú wa báyìí. Ẹ̀gbọ́n fẹ́ gbọ́ ọ lẹ́nu ọ̀gá pé èmi kọ́ ni mo ta àwọn sójà tí àwọn agbébọn pa lójú ọ̀nà. Ràímì ọmọ ẹ̀gbọ́n wà nínú àwọn sójà náà.

Ọ̀gá bu omi fún wa. Ó wo ojú mi, ó ní, "Bàbá, mi ò mọ ọkùnrin yìí rí."

Mo mu omi náà tán. Ó ń dùn mí pé mo mu ún tán.

Ọjọ́ mẹ́ta ṣáájú kí wọ́n tó pa wọ́n ni mo ti kìlọ̀ fún un nípa ọ̀nà yẹn.

Nígbà tí ẹ̀gbọ́n jáde lọ sídìí alùpùpù rẹ̀, ọ̀gá dì mí lọ́wọ́ mú. "Foríjì mí. Tí mo bá jẹ́wọ́, wọ́n á bi mí léèrè ìdí tí mo fi jẹ́ kí àwọn ọmọ náà gba ibẹ̀."

Mo sọ ọ́ fún ẹ̀gbọ́n bá a ṣe ń bọ̀. Kò bojú wẹ̀yìn. "Etí tèmi ò gbọ́ ọ lẹ́nu rẹ̀."

Nígbà tó sọ̀ mí kalẹ̀, ó ní kí n má wá síbi àdúà Ràímì lọ́jọ́ Jímọ̀. Mo ní mo ti gbọ́.

Èmi ni mo di ẹ̀yìn kẹ̀kẹ́ mú fún ọmọ yẹn nígbà tó ń kọ́ bí a ṣe ń gùn ún.