Ilé Ọlọ́mọ Tuntun ní Brampton

Bàbá mi ọ̀wọ́n,

Ó ti lé lóṣù mẹ́rin tí a sin yín, mi ò sì tíì lè pa nọ́ńbà yín rẹ́ lórí fóònù mi. Ohun kan tí mo ṣe ń tì mí lójú, mi ò rí ẹlòmíràn tí mo lè sọ ọ́ fún.

Ẹ ò fi bẹ́ẹ̀ mọ ohun tí mo wá kọ́ ní Toronto. Sosiọ́lọ́jì ni, ẹ̀kọ́ nípa bí àwọn ènìyàn ṣe ń gbé pọ̀. Ní sáà yìí, à ń ka bí wọ́n ṣe ń kọ́ ọ ní kọ́lẹ́ẹ̀jì ní nǹkan bí ọgọ́rùn-ún ọdún sẹ́yìn, nígbà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé. Wọ́n máa ń rán akẹ́kọ̀ọ́ lọ sílé àwọn àlejò tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ̀lú, kí wọ́n ka bẹ́ẹ̀dì, kí wọ́n gbóòórùn ilé ìdáná, kí wọ́n wá kọ ọ́ sílẹ̀ bóyá ọ̀bùn ni onílé. Inú bí mi. Èmi ni mo pariwo jù ní kíláàsì.

Olùkọ́ wa wá ní kí kálukú lọ ṣe irú rẹ̀, kí a lè mọ ohun tó burú níbẹ̀. Àǹtí kan ní ṣọ́ọ̀ṣì fi mí mọ àwọn Yorùbá kan tó ń gbé ní bésìmẹ́ǹtì, yàrá abẹ́ ilé, ní Brampton nítòsí Toronto. Ìyàwó ilé ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ, ìyá rẹ̀ sì wá láti Ìbàdàn wá bá a tọ́mọ.

Bàbá, ẹ̀yin tí ẹ máa ń kí ènìyàn títí oúnjẹ wa á fi tutù! Ẹ ń kí ẹni tó ń fọṣọ, ẹ ń kí ẹni tó ń dirun, ẹ ń kí ẹni tó kàn jókòó. Èmi ọmọ yín wọlé, mo ní ẹ káàsán lórí ìdúró, mo bá yọ gègé. Ìyá ìyàwó, tí mo ń pè ní Màmá, gbé ọmọ tuntun dání, mi ò kí wọn kú ewu. Ènìyàn mélòó ló ń sùn ní yàrá ni mo bi wọ́n.

"Ṣé ìjọba ló rán ẹ ni, àbí o ò rí ohun tí mo gbé dání?"

Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n dáhùn gbogbo ìbéèrè mi, wọ́n tún ní kí n jẹun. Mo kọ̀, torí mo wà lẹ́nu iṣẹ́.

Mo wá kọ ọ́ sínú iṣẹ́ mi pé òórùn irú gba ilé náà kan. Irú, Bàbá! Irú tí kì í kúrò lára aṣọ Màámi. Ìgbà wo ni mo bẹ̀rẹ̀ sí í fi imú àlejò gbóòórùn ilé wa? Bí ẹ bá wà níbẹ̀, ṣé ẹ̀ bá dá mi mọ̀?

Gbólóhùn yẹn gan-an ni olùkọ́ yìn. Ó ní kí n wá kà á sétí gbogbo kíláàsì. Inú mi tilẹ̀ dùn. Ìgbà tí mo dìde láti kà á, mi ò kà á mọ́. Mo ní mo wọlé ọlọ́mọ tuntun, mi ò kí wọn. Ẹnì kan béèrè bóyá kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Mo gba iṣẹ́ mi padà lọ́wọ́ olùkọ́. Mi ò ní rí máàkì kankan lórí rẹ̀.

Ní Sátidé mo wọ bọ́ọ̀sì padà sí Brampton. Mo kúnlẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà tòun ti yìnyín tó wà lẹ́sẹ̀ bàtà mi.

"Ẹ kú ewu ọmọ, Màmá."

"Ahà! Ìjọba tún ti dé. Dìde jọ̀ọ́, wá gbọ́mọ."

Kí n tó jókòó dáadáa, oorun ti gbé wọn lọ lórí àga. Ó ti rẹ̀ wọ́n tipẹ́, Bàbá, mi ò rí i.

Mo ṣèlérí fún yín: gbogbo Sátidé tí mi ò bá níṣẹ́, n ó máa lọ bá wọn gbọ́mọ, kí Màmá lè sùn.

Èmi ni,
ọmọ yín obìnrin tó fẹ́ràn yín.