Àwọn Ẹsẹ̀ Tí Ó Rìn Ṣáájú Wa: Ìgbésí Ayé Olóògbé Bridget Ṣìkẹ́mi Ọlágúnjú (1955–2025)

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ Ajé, ọjọ́ karùn-ún oṣù Kejìlá, ọdún 1955, ni a bí Màmá wa, Bridget Ṣìkẹ́mi, ní agboolé Akínjídé ní ìlú Gbọ̀ngán. Káfíńtà ni bàbá wọn, Sámúẹ́lì. Aránṣọ ni ìyá wọn, Rẹ̀bẹ́kà. Ní ọjọ́ yẹn gan-an, ní ìlú Montgomery ní Alábámà, ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà, àwọn aláwọ̀ dúdú kọ̀ láti wọ bọ́ọ̀sì tí wọ́n ti ń lé wọn dìde lórí ìjókòó fún àwọn aláwọ̀ funfun. Ẹsẹ̀ ni wọ́n fi rìn lọ síbi iṣẹ́ fún ohun tí ó ju ọdún kan lọ. Kò sí ẹni tí ó gbọ́ ọ ní Gbọ̀ngán.

Màmá bẹ̀rẹ̀ ilé-ìwé ní 1961, wọ́n sì gba ìwé-ẹ̀rí olùkọ́ ní 1975. Ọgbọ̀n ọdún ni wọ́n fi kọ́ni ní ìtàn ní Gbọ̀ngán àti Ìkirè. Ní 1979 ni wọ́n fẹ́ Olóògbé Ọládipọ̀ Ọlágúnjú, ẹni tí ó ṣáájú wọn lọ ní 2001.

Ní 2006, àkọ́bí wọn, Olúwafẹ́misí, tí í ṣe nọ́ọ̀sì, mú wọn wá sí Smyrna, ní ìpínlẹ̀ Georgia ní Amẹ́ríkà níbí. Màmá rí iṣẹ́ ní ilé ìtọ́jú àwọn arúgbó. A kò ní tìtorí ikú fi òtítọ́ pamọ́: nígbà náà, wọ́n a máa kìlọ̀ fún wa pé ìtàn àwọn dúdú ilẹ̀ yìí kò kàn wá. Ìyá àgbà aláwọ̀ dúdú kan ní ilé ìtọ́jú náà ni ó yí èrò náà padà. Lucille lásán ni àwọn òṣìṣẹ́ ń pè wọ́n, ṣùgbọ́n Màmá kò jẹ́ la ẹnu pe orúkọ àgbà. Wọ́n kúnlẹ̀, wọ́n ní, “Good morning, ma.” Ìyá Lucille bú sẹ́kún. Wọ́n ní títí ìyá àwọn fi kú ní Montgomery, kò sí aláwọ̀ funfun kan tí ó pè wọ́n ní “mà” rí. Àti pé àwọn méjèèjì wà lára àwọn tí ó rìn. Nígbà tí wọ́n dárúkọ ọjọ́ tí ìrìn náà bẹ̀rẹ̀, Màmá jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀.

Ìyá Lucille sùn ní 2008. Láti ọdún tí ó tẹ̀lé e ni Màmá ti ń kọ́ àwọn ọ̀dọ́ ìjọ wa ní Austell ní ìtàn yìí ní ọ̀sán Sátidé, kí wọ́n lè mọ ẹsẹ̀ ẹni tí wọ́n fi wọlé sí ilẹ̀ yìí. Ní gbogbo ọjọ́-ìbí wọn, wọ́n a kó àwọn ọmọ náà rìn ní máìlì mẹ́ta nínú òtútù, láti ìjọ dé ibojì Ìyá Lucille.

“Grandma, ṣé a ò kàn lè pe Uber ni?” ni Tẹ́ní, ọ̀kan nínú wọn, bèèrè.

“Pè é. Sọ fún un pé 1955 ni kí ó ti wá gbé ọ.”

Inú Alàgbà Wọlé Dáramọ́lá, bàbá Tẹ́ní, kò dùn. Ó ní, “Aunty, dókítà la ní kí wọ́n dà, ẹ wá ń kọ́ wọn ní ìwọ́de!” Ìjọ ti kíláàsì náà ní 2014. Màmá kó o lọ sí pálọ̀ ní Smyrna.

Ní 2017, wọ́n lé Alàgbà Wọlé níbi iṣẹ́ nítorí ìlú tí ó ti wá. Tẹ́ní ni ó fi òfin ọdún 1964 hàn án, òfin tí àwọn dúdú ilẹ̀ yìí jà fún, tí ó ka irú ìyà bẹ́ẹ̀ léèwọ̀, èyí tí ó kọ́ ní pálọ̀ yẹn, òfin náà sì dá a padà sẹ́nu iṣẹ́. Ní oṣù Kejìlá, Alàgbà dọ̀bálẹ̀ níwájú Màmá: “Aunty, ẹ forí jì mí. Mo ti wọ bàtà ìrìn wá.” Ìjọ ṣí kíláàsì náà padà. A dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn, a sì dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run.

Àwọn tí Màmá fi sílẹ̀ sáyé ni àwọn ọmọ wọn mẹ́ta, Olúwafẹ́misí, Nathaniel àti Àánú; ọmọ-ọmọ méje; àbúrò wọn, Ìbídàpọ̀, àti àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tí ó ju igba lọ.

Nígbà tí àìsàn le ní oṣù Kẹsàn-án, a ti ń múra àtigbé wọn lọ sí Gbọ̀ngán, níbi tí àyè ibojì wọn wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ wọn. Màmá pe gbogbo wa jọ, wọ́n ní àwọn kò lọ. Ẹ̀gbẹ́ Ìyá Lucille ni kí a sin àwọn sí. “Bàbá yín yóò forí jì mí,” ni wọ́n wí. “Ẹsẹ̀ àwọn ọmọ yìí kò lè rìn dé Gbọ̀ngán.”

Sùn re, Màmá. Ẹsẹ̀ wa kò ní ṣi ọ̀nà.