Kápẹ́ẹ̀tì Màmá Kò Sí Ní Pálọ̀ Mọ́

Ẹ̀gbọ́n mi Mahlagha, ẹ jókòó kí ẹ tó wo pálọ̀.

Ardeshir, àbúrò bàbá wa tó ti gbé Jámánì fún ogójì ọdún, wá kí wa láàárọ̀ yìí. Ó rí kápẹ́ẹ̀tì tí Màmá fi sílẹ̀ fún yín, èyí tó dàgbà ju ìyá ìyá wa lọ, tí wọ́n hun àwòrán ọgbà àti odò mẹ́rin sí. Ó ní, "Kiyumars, ọgbà yìí mà rẹwà o!" Ẹnu mi tó gùn ju ọ̀nà Tehran lọ dáhùn bí ọmọ tí wọ́n kọ́: "Tiyín ni, ẹ máa mú un lọ." Gbogbo Kerman níbí ló mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ọmọlúàbí lásán nìyẹn, ẹ̀ẹ̀mẹta lèèyàn sì gbọ́dọ̀ kọ̀ ọ́. Ardeshir ní, "O ṣeun, ọmọ mi," ó sì bẹ̀rẹ̀ sí ká a.

Mo rò pé ó ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ ni. Mo rẹ́rìn-ín débi pé ràkúnmí inú aginjù gbọ́. Èmi gan-an ni mo bá a gbé e sínú mọ́tò rẹ̀. Láti ìgbà tó ti wakọ̀ lọ, mi ò bínú, mi ò sunkún. Ara mi kàn kú bí igi.

Ẹ má pè é o. Ìtìjú ni kéèyàn gba ẹ̀bùn padà. Mo ń lọ bá a ní pápákọ̀ òfuurufú kó tó wọ bàálù padà sí Jámánì. Màá máa yin kápẹ́ẹ̀tì náà títí yóò fi ní kí n máa mú un lọ, mi ò sì ní kọ̀ ọ́, kódà lẹ́ẹ̀kan. Àmọ́ mi ò mọ̀ bóyá Jámánì ṣì fi irú ọ̀rọ̀ ọmọlúàbí bẹ́ẹ̀ sílẹ̀ sí i lẹ́nu.

Kiyumars